Láti Ìkòkò Aró Kémta Dé Gbàǹjo Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ọ̀rọ̀ gbàǹjo kì í ṣe tuntun létí ọmọ Yorùbá. Bí onígbèsè bá kọ̀ tí kò san gbèsè rẹ̀, tí ilé-ẹjọ́ sì pàṣẹ pé kí wọ́n gba ẹrù rẹ̀, wọn a kó àga, bẹ́ẹ̀dì àti aṣọ rẹ̀ síta, agogo a máa dún, ẹni tó ń ta ẹrù a máa ké iye owó, ẹni tí owó rẹ̀ bá sì ga jù ni yóò gbé ẹrù lọ. Ìdí nìyí tí gbàǹjo fi ní ìtìjú nínú nílẹ̀ yìí. Ẹni tí wọ́n lu ẹrù rẹ̀ ní gbàǹjo kì í fẹ́ kí ará àdúgbò gbọ́. Lókè òkun, nǹkan ti yàtọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1995, Pierre Omidyar, ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan ní California, dá ojúlé kan sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó pè é ní AuctionWeb. Òun ni gbogbo ayé wá mọ̀ sí eBay lónìí. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n tà níbẹ̀ ni iná léésà kékeré kan tó ti bàjẹ́, ẹnìkan sì san dọ́là 14 àti sẹ́ńtì 83 lé e lórí. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn pé kò sí ẹrù ògbólógbòó tí kò ní olùfẹ́ níbì kan.

Tíṣáàtì àtijọ́ wà lára ohun tó ń rí owó jù lórí gbàǹjo aláìlágogo yìí. Aṣọ tí ẹnìkan rà níbi tí àwọn olórin ti ṣeré ní ogójì ọdún sẹ́yìn, tó ti ṣá, tí ọrùn rẹ̀ ti fẹ̀, lè di ohun tí ogún ènìyàn ń du mọ́ ara wọn lọ́wọ́ títí di ìṣẹ́jú àáyá tó kẹ́yìn. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kì í wo àwòrán àyà aṣọ nìkan. Wọn a yí etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè láti wò ó bóyá ojú okùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi rán an, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà ti ń ṣe kí ó tó di àárín àwọn ọdún 1990. Wọn a ka àkọlé ọrùn rẹ̀, wọn a fọwọ́ pa òwú rẹ̀ wò. Ẹni tó bá ti gba ọjà Kàtáńgówà kọjá, lẹ́bàá títì tó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, lè fi èyí rẹ́rìn-ín, nítorí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dà sílẹ̀ láti inú bélì òkìríkà lójoojúmọ́, tí oníbàárà ń bẹ̀rẹ̀ ṣà.

Ṣùgbọ́n lórí gbàǹjo kan náà, kò jìnnà sí àwọn tíṣáàtì wọ̀nyí, aṣọ mìíràn wà tí kò yẹ kí ọmọ Ẹ̀gbá fi rẹ́rìn-ín. Aṣọ aláró ni, ó dúdú bí ojú ọ̀run alẹ́, ó sì ní iṣẹ́ ọnà funfun tàbí àwọ̀ ojú ọ̀run lára. Ẹni tó ń tà á yóò kọ sábẹ́ àwòrán rẹ̀ pé aṣọ Yorùbá ni, láti Nàìjíríà, tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún tó kọjá. Yóò kọ gígùn rẹ̀ àti ìbú rẹ̀, yóò sọ ibi tó ti lù, ibi tí aró ti ṣá. Ohun tí kì í sábà sí níbẹ̀ ni orúkọ obìnrin tó rẹ ẹ́, tàbí orúkọ ìlú tó ti wá. Ọ̀pọ̀ nínú irú àwọn aṣọ bẹ́ẹ̀, ìkòkò aró ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni wọ́n ti jáde.

Àwọn Ẹ̀gbá tẹ ìlú Abẹ́òkúta dó ní 1830, lábẹ́ ìdarí Ṣódẹkẹ́, lẹ́yìn tí ogun ti fọ́ àwọn ìlú wọn àtijọ́. Abẹ́ àpáta Olúmọ ni wọ́n sá sí, ibẹ̀ sì ni oríṣiríṣi ènìyàn ti kó ọgbọ́n ọwọ́ wọn jọ. Aró rírẹ wà lára ọgbọ́n bẹ́ẹ̀, ó sì ti pẹ́ nílẹ̀ Yorùbá kí Abẹ́òkúta tó wà. Obìnrin ló ni ín, Ìyá Mapó sì ni òrìṣà tí àwọn aláró ń bọ. Òwú tí wọ́n ran nílé, tí wọ́n sì hun nílé, ni wọ́n ń rẹ nígbà náà. Aṣọ òfì nípọn, aró ń gba inú rẹ̀ lọ́nà tirẹ̀, kò sì rọrùn láti ya iṣẹ́ ọnà wẹ́wẹ́ sí i lára.

Aṣọ funfun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló yí ọ̀rọ̀ padà. Láti ìdajì ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn Sàró, àwọn míṣọ́nárì àti àwọn oníṣòwò ti ń kó aṣọ Manchester wọ Abẹ́òkúta. Nígbà tí ojú irin láti Èkó sì gba Abẹ́òkúta kọjá, tó dé Ìbàdàn ní 1901, ẹrù ń wọlé ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Aṣọ yìí fẹ́lẹ́, ó dán, ó sì pọ́n-ún-lẹ́ láti di. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ní Kémta ni pé agbo ilé Jójọlọ́lá ni àdìrẹ ti bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, láti ọwọ́ Ìyálóde Miniya Jójọlọ́lá Ṣóẹ̀tán, ẹni tó jẹ oyè Ìyálóde Ẹ̀gbá lẹ́yìn Madam Tinúbú. Kì í ṣe dandan kí ènìyàn gbà pé ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti lè bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, ìtàn náà tọ́ka sí ohun tó dájú: àwọn obìnrin olówó tó mọ òwò ló wà nídìí àdìrẹ, kì í ṣe àwọn tálákà tí iṣẹ́ mìíràn wọ́n lọ́wọ́.

Orúkọ aṣọ náà ti sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: à-dì-rẹ, ohun tí a dì kí a tó rẹ ẹ́. Nínú àdìrẹ oníko, ìko ni wọ́n fi ń di òkúta wẹ́wẹ́ tàbí hóró èso mọ́ inú aṣọ, ibi tí ìko bá sì ti mú, aró kò ní wọ̀ ọ́. Nínú àdìrẹ alábẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ àti òwú ni wọ́n fi ń ká aṣọ pọ̀. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ló dé kẹ́yìn, ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ẹ̀kọ tí wọ́n fi gbágùúdá ṣe ni wọ́n ń fi ya ojú aṣọ. Ní àwọn ìlú kan, bí Ìbàdàn, ìyẹ́ adìyẹ ni obìnrin fi ń ya á. Abẹ́òkúta ní ọ̀nà tirẹ̀: àwọn ọkùnrin a gé iṣẹ́ ọnà sára páánù, irú èyí tó máa ń wà nínú àpótí tíì tó ti òkèèrè wá, wọn a gbé páánù náà lé aṣọ, wọn a fi ẹ̀kọ pa á. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá sọ pé iṣẹ́ obìnrin ni àdìrẹ, ó yẹ kí wọ́n rántí pé ọwọ́ ọkùnrin wà nínú ti Abẹ́òkúta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkòkò aró kò kúrò lọ́wọ́ obìnrin.

Ìkòkò yẹn gan-an ni ìṣòro wà. Ewé èlú ni wọ́n ń já, wọ́n ń gún un nínú odó, wọ́n ń ṣù ú, wọ́n ń sá a. Wọ́n ń jó igi di eérú, wọ́n ń da omi sí eérú náà nínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu, kí omi lè ro sínú èkejì. Omi eérú yìí ni wọ́n ń rẹ èlú sí fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan, tí òórùn rẹ̀ yóò fi sọ fún aláró pé ó ti tó. Bí ó bá kù díẹ̀, aṣọ kò ní dúdú; bí ó bá pọ̀ jù, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Wọ́n ń ti aṣọ bọ inú ìkòkò, wọ́n ń yọ ọ́, wọ́n ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ, wọ́n sì tún ń tì í bọ̀ ọ́, títí yóò fi dú bí wọ́n ṣe fẹ́. Ẹni tó bá wo ọwọ́ aláró yóò mọ iṣẹ́ rẹ̀ kí ó tó bi í léèrè. Abájọ tí Judith Byfield, onímọ̀ ìtàn tó kọ ìwé lórí àwọn aláró Abẹ́òkúta ní 2002, fi pe ìwé náà ní The Bluest Hands.

Ní àwọn ọdún 1920, òwò yìí gbòòrò kọjá ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè rò lónìí. Àwọn oníṣòwò ń ti Gold Coast, tó di Ghana, àti Senegal wá ra àdìrẹ ní Abẹ́òkúta. Owó kòkó wà lóde, ọkọ̀ ojú irin ń lọ, ọ̀pọ̀ obìnrin sì fi aró kọ́ ilé, wọ́n fi rán ọmọ ní ilé-ìwé.

Ọdún 1935 bí aṣọ kan tó gbajúmọ̀ jù lórí gbàǹjo òkèèrè lónìí. Ní ọdún náà ni Ọba George Karùn-ún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí oyè. Àwọn tó ń gé páánù wo àwòrán ọba àti ayaba lára ohun ìrántí ayẹyẹ náà, wọ́n gé e, wọ́n fi sí àárín aṣọ, wọ́n sì fi ẹyẹ, ẹranko àti iṣẹ́ ọnà tiwọn yí i ká. Wọ́n ń pè é ní àdìrẹ ọlọ́ba. Ohun tí tíṣáàtì ìrántí jẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà ní àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà ni aṣọ yìí jẹ́ fún àwọn ìyá wa: ẹ̀rí pé wọ́n mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyé, àti pé ọwọ́ wọn lè sọ ọ́ di ọjà. Ọba òyìnbó ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó yóò rí i pé ìrísí rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ti ọba ilẹ̀ Yorùbá.

Ibẹ̀ ni àwọn tó ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti máa ń ṣìnà. Wọn a rí ọba àti ayaba, wọn a kọ ọ́ pé aṣọ 1935 ni. Páánù kì í kú bọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ti gé e, wọ́n lè lò ó fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì lè gé òmíràn láti ara rẹ̀ bí ó bá jẹ. Aṣọ ọlọ́ba tó wà níwájú oníbàárà lè jẹ́ ti àwọn ọdún 1950 tàbí 1960. Ohun tó yẹ kí ènìyàn wò yàtọ̀. Àdìrẹ àtijọ́ kì í sábà jẹ́ aṣọ kan ṣoṣo; ẹ̀yà méjì ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí yáàdì méjì ààbọ̀, tí wọ́n rán pọ̀ láàárín kí ó lè tó ìró. Ẹ̀kọ kì í sì í wọ ẹ̀yìn aṣọ, nítorí náà ẹ̀yìn àdìrẹ ẹlẹ́kọ máa ń dú ju ojú rẹ̀ lọ. Bí ojú àti ẹ̀yìn bá rí bákan náà, tí aṣọ náà kò sì ní ojú ìrán láàárín, ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ fi owó lé e dúró díẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ọdún ọlọ́ba tó dé ni nǹkan ti ń burú ní Abẹ́òkúta. Owó kòkó ti wó láti ìparí àwọn ọdún 1920, àwọn tó ń ra aṣọ kò lówó lọ́wọ́ mọ́. Kí ọjà lè yá, kí owó tí wọ́n ń ná lórí iṣẹ́ sì lè dínkù, ọ̀pọ̀ aláró bẹ̀rẹ̀ sí í lo aró òyìnbó àti kọ́sítíìkì sódà dípò èlú àti omi eérú. Iṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan wá di iṣẹ́ wákàtí díẹ̀. Àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n rí èrè. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ba aṣọ jẹ́, àwọn oníbàárà sì ń ráhùn pé aró ń ṣí, pé aṣọ ń ya. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, tó ti wà lórí oyè láti 1920, fòfin de aró òyìnbó àti kọ́sítíìkì náà, kí orúkọ àdìrẹ Abẹ́òkúta má baà bàjẹ́.

Àwọn aláró kò gbà. Ní 1936, wọ́n gba agbẹjọ́rò, wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba amúnisìn, ìjọba sì gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Ẹ̀sùn wọn rọrùn láti yé ẹni tó bá ti ṣe òwò rí: aṣọ ni wọ́n rà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ òyìnbó, gbèsè ni wọ́n fi rà á, ọba kò sì bá wọn san gbèsè. Àwọn òpìtàn sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìjà àwọn obìnrin Ẹ̀gbá láti ọ̀dọ̀ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì àti ọ̀ràn owó orí, èyí tó mú kí Aláké yìí kan náà kúrò nílùú ní 1948, tó sì fi oyè sílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 1949 kí ó tó padà ní 1950. Àwọn aláró ti dán ọ̀nà yẹn wò ní ọdún méjìlá ṣáájú, ó sì yẹ kí ìtàn fún wọn ní ipò tiwọn.

Lẹ́yìn òmìnira, àwọn ọmọbìnrin tó ka ìwé kò fẹ́ kí ọwọ́ wọn di aró mọ́, àǹkárá sì gba ọjà. Àwọn àjèjì tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, olùkọ́, dókítà, àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà tó wá sìn, ni wọ́n fẹ́ràn aṣọ aláró jù ní àwọn ọdún 1960. Wọ́n rà á, wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi ṣe aṣọ fèrèsé, wọ́n sì kó o lọ sílé. Ní 1971, Jane Barbour àti Doig Simmonds ṣe ìwé kan lórí àdìrẹ ní Yunifásítì Ìbàdàn, títí di òní sì ni àwọn tó ń ra aṣọ náà ń wá orúkọ iṣẹ́ ọnà inú rẹ̀: Ìbàdàndùn tó ní òpó gbọ̀ngán Mápó lára, Olókun, àti àwọn mìíràn. British Museum àti Victoria and Albert Museum ní London kó tiwọn jọ. Nígbà tí àwọn àjèjì yẹn darúgbó tí wọ́n sì kú, àwọn ọmọ wọn ṣí àpótí, wọ́n rí aṣọ tí wọn kò mọ ohun tí wọ́n lè fi ṣe, wọ́n sì gbé e sórí gbàǹjo.

Apá kejì ìtàn náà ṣẹlẹ̀ nílé. Bí ìyá àgbà bá kú nílẹ̀ Yorùbá, àwọn ọmọ a pín aṣọ rẹ̀. Láyé àtijọ́, èyí ni ọ̀nà tí àdìrẹ gbà ń ti ọwọ́ ìyá dé ọwọ́ ọmọ. Nígbà tí àwọn ọmọ bá ń gbé Houston tàbí Peckham, tí àṣọ òkè àti léèsì sì wù wọ́n ju ìró aláró tó ti ṣá lọ, ìró náà lè di ìnulẹ̀.

Ta ló ń jẹ èrè rẹ̀? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó wà ní Ìtòkú tó sì ní aṣọ ìyá rẹ̀ kò lè ta á lórí eBay bí ará London ṣe lè tà á. Nígbà tí PayPal gba Nàìjíríà wọlé ní 2014, owó sísan nìkan ló fún wọn láyè láti ṣe. Wọn kò lè gba owó. Nígbà náà, ọmọ Ẹ̀gbá lè ra tíṣáàtì àtijọ́ lọ́wọ́ ará Amẹ́ríkà, kò sì lè ta àdìrẹ fún un ní ọ̀nà kan náà. Òfin ilẹ̀ wa pàápàá kò ran aṣọ náà lọ́wọ́. Òfin tó dá àjọ tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ ní 1979 ní ènìyàn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kí ó tó kó ohun àtijọ́ jáde, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918, tàbí èyí tí wọ́n ti lò fún ètò ìbílẹ̀, ni ó tọ́ka sí. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tó dára jù lọ, ẹ̀yìn ọdún yẹn ni wọ́n ṣe é.

Orúkọ ló tún fi ìyàtọ̀ hàn. Ní oṣù kejì ọdún 2018, Bonhams lu àwòrán Tutu tí Ben Enwonwu yà ní gbàǹjo ní London, wọ́n sì ń fi í han àwọn olówó ní Èkó lójú ẹsẹ̀. Ó lé ní mílíọ̀nù kan pọ́ùn. Orúkọ ayàwòrán, orúkọ ọmọbìnrin tó yà àti ìtàn bí àwòrán náà ṣe sọnù ló gbé owó rẹ̀ ga. Obìnrin Kémta tó fi oṣù kan rẹ aṣọ kò kọ orúkọ rẹ̀ sí i, nítorí pé àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Kò rò pé aṣọ náà yóò rin ìrìn tó jìnnà débi tí kò ní sí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ní 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn ṣí ọjà àdìrẹ kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn aládìrẹ lè ta ọjà tiwọn fún ayé láìsí alágbàtà. Aṣọ tuntun ni ibẹ̀ wà fún, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ kàǹpálà aláràbarà. Ìjà àwọn tó ń tà á báyìí ni ti aṣọ ẹ̀rọ tí wọ́n tẹ̀ ní China, tó jọ àdìrẹ, tí owó rẹ̀ sì kéré. Òkìríkà náà kò dẹwọ́. Ó wà nínú àkójọ ẹrù tí òfin kọ̀ kí wọ́n kó wọlé láti òkèèrè, síbẹ̀ ó ń ti Kútọnu gba ẹnubodè wọlé. Kódà nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè pa ní oṣù kẹjọ 2019, tí ti Ìdírókò ní ìpínlẹ̀ Ògùn kò sì ṣí títí di 2022, ọjà Kàtáńgówà kò dá páropáro.

Báyìí ni aṣọ ṣe ń kọjá ara wọn lójú ọ̀nà: tíṣáàtì tí Amẹ́ríkà ti gbó ń bọ̀ nínú bélì, àdìrẹ ìyá àgbà ń lọ nínú àpò ìwé ìfìránṣẹ́. Ní Ìtòkú, àwọn obìnrin kan ṣì wà tó mọ bí wọ́n ṣe ń ka iṣẹ́ ọnà aṣọ àtijọ́ bí ẹni ka ìwé, tí wọ́n lè wo àwòrán kan lórí fóònù kí wọ́n sì sọ agbo ilé tí irú páánù bẹ́ẹ̀ ti jáde. Àwọn tó ń tà á lókè òkun kò tíì bi wọ́n.